Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà Kì í Bá Ẹnikẹ́ni Tẹ̀

Wọ́n ní kí n lọ bá wọn mú àwòrán Àlàájà, ìyá àgbà mi, jáde. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti ń bọ̀, Bọ̀dá Sálíù, àbúrò ìyá mi, fẹ́ ṣe pósítà, àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo ilé fara mọ́ sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí ìyá àgbà mi fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa ní Gàmbàrí. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tó ń kó nǹkan sí. Èmi náà ni mo sì ń sọ fún wọn pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀túnla. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, kò sẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà yẹn. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa tàn án. Bí mo bá tàn án, tí mo jókòó síwájú rẹ̀, tí Àlàájà kò sì wá lé mi dìde lórí àga rẹ̀, á jẹ́ pé òótọ́ ni.

Nítorí náà mo jókòó sílé, mo ń kọ èyí, kó tó di pé àwọn alfa á sọ ọ́ di ẹlòmíràn mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àdúrà. Wọ́n á ní onísùúrù ni. Àlàájà kò ní sùúrù kankan. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ronú pẹ́, èékánná ló máa fi ń kan tábìlì. Bí oníbàárà bá ní òun kò tíì mọ àwọ̀ tí òun fẹ́, á ní kó lọ jókòó síta títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Atẹ̀wé ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe káàdì ìgbéyàwó yìgì, ìwé ètò wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó parí Kùránì àti kàlẹ́ńdà àwọn ilé kéwú. Gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń tẹ̀wé, kì í sì í wo kíbọ́ọ̀dù. Á máa bi oníbàárà léèrè bí ìyá rẹ̀ ti jí, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa sáré lọ. Bọ̀dá Sálíù tí Àlàájà kọ́ níṣẹ́, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ń fi ìka kan ṣa lẹ́tà. Bó bá ti rí mi báyìí, á ní, "Àjíkẹ́, adìyẹ ló ń ṣa ọkà bẹ́ẹ̀ yẹn, èèyàn kọ́."

Kó tó lọ sí Mẹ́kà, ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lò ni àwa náà ń lò: Word fún ìwé, Corel fún káàdì, Photoshop fún àwòrán. Kírákì sì ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀dà tí a kò sanwó rẹ̀. Ẹnì kan á gbé e wá lórí fíláàṣì, a ó dà á kọ ká tó fún aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó kà á sí olè. Àlàájà ti Mẹ́kà dé, àwọn èèyàn ṣì ń wá kí i, wọ́n ṣì ń jẹ dàbínù tó kó bọ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà tún gbé ìbéèrè rẹ̀ jáde pé kí a kọ nọ́ńbà tí a fi rà á. Bọ̀dá Sálíù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kọ nọ́ńbà tó máa ń kọ sí i. Àlàájà bi í pé nọ́ńbà ta ni. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló mọ̀. Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ní àsìkò tí iṣẹ́ yìgì kún inú ṣọ́ọ̀bù débi pé a ò ríbi jókòó.

Ó kọ́kọ́ béèrè bí a ṣe lè rà á. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, ó rí i pé apá ṣọ́ọ̀bù wa kò ká a. Kò bínú sí àwọn tó ń tà á rárá. Ó ní ẹni tó ṣe nǹkan ló ni í, bí a kò bá lè rà á, a kò ní lò ó. Ayálégbé kan wà nínú agbo ilé wa, Àǹtí Fúnmi, tíṣà kọ̀ǹpútà láti Ọ̀mù-Àrán. Òun ló gbé LibreOffice fún ìwé, Inkscape fún káàdì àti GIMP fún àwòrán wá fún un lórí fíláàṣì. Àlàájà wo fíláàṣì yẹn bíi pé ẹran tí kò mọ ẹni tó dú u ni. Ó béèrè pé ta ló ni ín. Àǹtí Fúnmi ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe é ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè dà á kọ, ó tiẹ̀ lè tú inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Àlàájà béèrè bóyá àwọn èèyàn náà mọ̀ pé àwa fẹ́ mú un. Àǹtí Fúnmi ní wọ́n mọ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kí a fún ẹlòmíràn. Ìyá àgbà mi wá sọ pé, "Sàráà ni nígbà yẹn. Gbé e wá."

Ibi tí ẹlòmíràn ì bá dúró sí nìyẹn, Àlàájà kò dúró. Ó fa ìborùn rẹ̀ wọ̀, ó mú mi dání, ó ń lọ láti ilé dé ilé, láti ilé kéwú dé ilé kéwú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó rántí pé òun ti fi irinṣẹ́ jíjí ṣiṣẹ́ fún. Ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó jókòó mu omi. Obìnrin kan tó ti bímọ rẹpẹtẹ nílé ọkọ gbá àyà mú, ó rò pé Àlàájà wá sọ fún òun pé yìgì òun kò so. Mo ṣì ń rí ojú obìnrin náà. Ìyá àgbà mi mú un lọ́wọ́, ó ní, "Yìgì ẹ so dáadáa, ọmọ mi. Káàdì ẹ ló ní àbùkù."

Mi ò ní parọ́ fún un torí pé ó ti kú. Nǹkan tuntun yẹn fìyà jẹ wá. Ìwé tí mo bá fi Word tẹ̀ níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Òkè-Òyì, bí mo bá ṣí i lọ́dọ̀ rẹ̀, tébù inú rẹ̀ á ti yà bàrá, ìlà tó yẹ kó wà lójú ewé kan á ti bọ́ sí òmíràn. Àwọ̀ ewéko tó dán lójú síkírìnì, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní pírẹ́ẹ̀sì, á ṣú bí ewé tó ti gbẹ, nítorí GIMP tí a ní kò mọ àwọ̀ pírẹ́ẹ̀sì bí Photoshop ti mọ̀ ọ́n. Àwọn pírẹ́ẹ̀sì fúnra wọn, fáìlì Corel ni wọ́n ń béèrè. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gba PDF rẹ̀ láìkùn. Ilé kéwú kan dá kàlẹ́ńdà padà, Àlàájà tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìgba nǹkan kan. Bọ̀dá Sálíù ní ìyá òun fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò yé ara wọn mọ́, Bọ̀dá kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ọ̀fà Garage, òun àti Corel rẹ̀. Ó ṣì ń wá kí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, á dọ̀bálẹ̀, á mu fùrá, ṣùgbọ́n kò ní wo síkírìnì, kò sì jókòó sórí àga yẹn mọ́. Àwọn ará ilé ń sọ pé Àlàájà bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó ní, "Èmi ò bá a jà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni mò ń bá jà."

Àmọ́ ohun kan wà tó fi borí wa. Kírákì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń tú èdè Lárúbáwá ká ni. Lẹ́tà Bísímílà á dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó wá lọ bẹ alfa kan kó fi ọwọ́ kọ ọ́, ká tó yà á ní fọ́tò lẹ̀ mọ́ káàdì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tẹ Bísímílà nínú LibreOffice, tí àwọn lẹ́tà náà ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀, Àlàájà pariwo pe ìyá mi láti ibi ìdáná. Omi ló wà lójú Àlàájà. Ó ní, "Ẹ wò ó. Wọ́n di ara wọn mú."

Mo wá dé ibi tí mo ń sá fún. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Àlàájà kì í bá ẹnikẹ́ni tẹ̀. Lórí káàdì yìgì a máa ń to orúkọ àwọn òbí àti àgbà, bí ọ̀kan bá sì ti kú nínú wọn, a ó kọ Olóògbé síwájú orúkọ rẹ̀. Àlàájà á tẹ gbogbo káàdì tán, á fi àyè sílẹ̀ níwájú orúkọ yẹn, á dìde lórí àga, á ní kí ọmọ olóògbé wá jókòó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, tó ń fi fóònù pariwo mọ́ ẹnì kan, tó jókòó síbẹ̀ tí kò lè tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Àlàájà kì í kán wọn lójú. Ó máa ń dúró sẹ́yìn wọn ni, á máa tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bíi pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ó ní lẹ́yìn tí ọkọ òun kú, wọ́n mú ìwé kan wá fún òun láti ilé ìtẹ̀wé, òun sì rí Olóògbé níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí ló tẹ̀ ẹ́. "Ó dà bíi pé ẹni yẹn ló pa á," ló wí. "Mi ò ní bá ọmọ ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ láéláé."

Bàbá tèmi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ìdí nìyẹn tí èmi àti ìyá mi fi padà wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe wòlímọ̀, tí ó ń ṣe ìwé ètò fún wa, ó gbé mi lé orí àga, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi parí rẹ̀, ó kọ̀. Nígbà yẹn mo rò pé ìkà ni. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Má yára. Kọ̀ǹpútà ò ní lọ síbì kan."

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé kí àwọn gbìyànjú láti di èyí tó kù mú. Inkscape gba ojú, nítorí náà ó pa á tì, ó kó gbogbo iṣẹ́ wá sínú LibreOffice, níbi tó ti lè máa fi kíbọ́ọ̀dù rìn. Ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà lórí ìlà àwọn àṣẹ tó wà lókè síkírìnì, ó mọ bí yóò ṣe máa tẹ bọ́tìnì ọfà sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ohun tó ń wá, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ wá ìyọ̀ nínú ilé ìdáná ara rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni wọ́n dá a dúró ní ọsibítù nítorí ojú náà, Bọ̀dá Sálíù sì lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún un. Ìfẹ́ ló fi rà á, mo mọ̀. Síkírìnì rẹ̀ fẹ̀, ó fi Word tuntun sí i, ó sì rà á ni lọ́tẹ̀ yìí, ó mú rìsíìtì dání kí ìyá rẹ̀ má baà sọ pé jíjí ni. Ó kó àwọn fáìlì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà lọ. Àlàájà dé, ó jókòó, ó na ọwọ́. Gbogbo ohun tó wà lókè ti di àwòrán wẹ́wẹ́ tí ojú rẹ̀ kò lè rí. Ó tẹ èyí, òmíràn ló ṣí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kíbọ́ọ̀dù, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn lé. Mi ò rí i rí kí ẹ̀rù bà á àfi ọjọ́ yẹn. Ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Sálíù, níbo lo kó ilé mi lọ?"

Lọ́jọ́ Sátidé mo wá láti Òkè-Òyì, mo fi dátà fóònù mi gba LibreOffice wá sínú kọ̀ǹpútà tuntun náà. Kò sẹ́ni tó béèrè owó tàbí nọ́ńbà lọ́wọ́ wa. Ó kàn ń dúró dè é níbẹ̀ ni, bí ẹrù tí èèyàn fi sọ́dọ̀ aládùúgbò. Àlàájà na ọwọ́, ó tẹ ọfà, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní, "Àjíkẹ́, ó wà níbi tí mo fi í sí." Nígbà tí Bọ̀dá Sálíù gbọ́, ó dùn ún gan-an. Kò bínú síta, àmọ́ láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, á ní ọkọ̀ ń dúró de òun, kò sì mu fùrá mọ́. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí ó fi kú.

Yìgì mi ni iṣẹ́ tó gbé síwájú gbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ló ti ń sọ pé òun lòun máa ṣe káàdì mi, nígbà tí a sì mú ọjọ́, ó ní ojú òun kò ní pẹ́ lọ tán, pé iṣẹ́ kan yẹn ni òun fẹ́ parí pẹ̀lú ọwọ́ ara òun. Kò gbà kí n wò ó. Mo pè é láti iléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó ní ó ku díẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì wọ́n mú iná lọ, bátìrì abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bó ti máa ń ké, pé kí a tètè pa kọ̀ǹpútà. Ìyá mi gbọ́ ọ láti inú ilé. Ó ń ké, ó ń ké, kò sẹ́ni tó pa á. Ohun tí ìyá mi fi mọ̀ nìyẹn. Ó bá a lórí àga, ó fọwọ́ di àyà mú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò padà wálé láàyè. Kí n tó gbà á gbọ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín, àwọn àgbà sì ti ń sọ pé kí a má sún yìgì síwájú, nítorí inú rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Mo dá ìwé yìí dúró síbẹ̀ lánàá, torí pé Bọ̀dá Sálíù fúnra rẹ̀ wá mú mi. Kò bá mi wí. Ó ní, "Àjíkẹ́, jọ̀ọ́, dìde ká lọ." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tó máa ń dúró sí. Mo jókòó sórí àga Àlàájà. Kò sẹ́ni tó lé mi dìde. Mo tan kọ̀ǹpútà. Inú ìwé kan tó ṣe nígbà tó ti Mẹ́kà dé ni àwòrán náà wà, nítorí náà mo ṣí LibreOffice. Kò gbé ìwé náà jáde. Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun kú lójijì nígbà tí a lo òun gbẹ̀yìn, pé iṣẹ́ kan wà tí a kò tíì parí, ṣé kí òun mú un padà ni àbí kí òun dà á nù. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Káàdì Àjíkẹ́.

Mo sunkún débi pé Bọ̀dá wọlé. Ó ka ohun tó wà lójú síkírìnì. Mo ní kí kọ̀ǹpútà mú un padà. Káàdì mi jáde. Bísímílà wà lókè, àwọn lẹ́tà rẹ̀ di ara wọn mú. Orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ mi wà níbẹ̀. Níwájú orúkọ bàbá mi, ó ti fi àyè sílẹ̀ dè mí. Nísàlẹ̀ pátápátá ló tẹ̀ ẹ́ sí pé Àlàájà Sèlíátù, ìyá àgbà ìyàwó, ni yóò gba àlejò. Kò fi àyè sílẹ̀ níwájú ìyẹn. Mo bi Bọ̀dá bóyá kí n kó káàdì náà sórí fíláàṣì pẹ̀lú àwòrán, kó lọ parí rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage. Ó mi orí. Ó ní, "Àwòrán nìkan ni kó o fún mi. Káàdì yìí, ibí la ti máa parí ẹ̀."

Mo tẹ Olóògbé síwájú orúkọ bàbá mi. Nígbà tí mo dé iwájú orúkọ Àlàájà, mo ṣí àyè sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo sì dìde lórí àga. Bọ̀dá Sálíù wò mí, ó wo àga, ó wá jókòó síbi tí kò jókòó sí láti ọjọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ ti pínyà. Ó ní, "Níbo ni mo máa tẹ̀ ẹ́ sí?" Mo fi hàn án. Ọkùnrin tí gbogbo ìka rẹ̀ ń sáré lórí kíbọ́ọ̀dù na ìka kan, ó ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́ bíi pé kò rí kíbọ́ọ̀dù rí.

Mo ní kó má yára, kọ̀ǹpútà ò ní lọ síbì kan. Mo wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń tún ìborùn mi ṣe.